Kóòdù Ìdánwò Kò Gbọ́dọ̀ Dé Ọjà

Ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 2018, ilé iṣẹ́ Cisco ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ìkìlọ̀ kan síta fún àwọn oníbàárà tó ń lo Expressway àti TelePresence VCS, sọ́fítíwíà tí àwọn ilé iṣẹ́ fi ń ṣe ìpàdé orí fídíò. Ìkìlọ̀ náà ṣàjèjì. Kò sí olè tó wọlé, kò sì sí ẹni tó ṣi ìṣirò ṣe nínú kóòdù. Kóòdù ìkọlù, ìyẹn kóòdù tí a dìídì kọ láti fi já ààbò kọ̀ǹpútà, ló wà nínú sọ́fítíwíà tí Cisco fọwọ́ ara rẹ̀ gbé fún àwọn oníbàárà. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà ló ń lò ó nínú ilé fún ìdánwò, nítorí ihò ààbò tí gbogbo ayé mọ̀ sí Dirty COW, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ CVE-2016-5195. Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ dára, ó sì pọn dandan. Àmọ́ ìdánwò parí tán, irinṣẹ́ ìdánwò bá ọjà lọ. Cisco ṣàlàyé pé àyẹ̀wò tó kẹ́yìn nínú ètò build aládàáṣiṣẹ́ àwọn, ìyẹn ètò tó ń sọ kóòdù di ẹ̀dà ọjà, ló kùnà. Wọ́n kó àwọn ẹ̀dà tọ́rọ̀ kàn kúrò nílẹ̀, wọ́n ní àwọn yóò fi èyí tó mọ́ rọ́pò wọn, wọ́n sì fi àwọn oníbàárà lọ́kàn balẹ̀ pé kóòdù náà ń sùn ni, pé kò lè pa ẹ̀rọ náà lára nítorí ihò tó ń wá ti dí.

Nǹkan méjì ló gba àròjinlẹ̀ nínú àlàyé yẹn. Ìkíní ni pé àyẹ̀wò tó kẹ́yìn ni wọ́n gbójú lé pé yóò mú ohun tí kò yẹ. Ìkejì ni ìtùnú pé kóòdù tó bá ń sùn kò lè ṣeni ní ibi. Cisco ṣe dáadáa bí wọ́n ṣe fẹnu ara wọn sọ ọ́ síta. Síbẹ̀, bí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń sọ ni pé kí àyẹ̀wò tó kẹ́yìn túbọ̀ le sí i. Ibẹ̀ ni èrò tèmi ti yà. Ẹni tó ń di ẹrù fún arìnrìn-àjò ní ọ̀nà méjì. Ó lè da gbogbo ohun tó wà nínú yàrá sínú àpótí, kó wá máa yọ èyí tí kò yẹ. Ó sì lè kọ orúkọ ohun tí arìnrìn-àjò náà nílò sílẹ̀, kó máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí a bá lo ọ̀nà àkọ́kọ́, ohun tí ojú bá fò yóò bá arìnrìn-àjò dé òkèèrè láìsí ẹni tó mọ̀. Bí a bá lo ọ̀nà kejì, ohun tí ojú bá fò yóò ṣẹ́kù sílé, ariwo yóò sì tètè sọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni sọ́fítíwíà rí: bí ohun tó yẹ kò bá sí níbẹ̀, kò ní ṣiṣẹ́, a ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀, bí ohun tí kò yẹ bá wà níbẹ̀, yóò máa ṣiṣẹ́ lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Nítorí náà, build gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ kíkó wọlé, kì í ṣe iṣẹ́ yíyọ kúrò. Ohun tí a kò kó wọlé kò nílò kíkó jáde.

Ọ̀rọ̀ yìí le ju ti àtijọ́ lọ nítorí pé ẹ̀rọ ló ń ṣe build báyìí. Bí ẹni tó ń kọ kóòdù bá ti fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́, irinṣẹ́ aládàáṣiṣẹ́ bíi Jenkins, GitLab tàbí GitHub Actions yóò gbé e, yóò kọ́ ọ, yóò dán an wò, yóò dì í, yóò sì gbé e sọ́jà kí ẹni náà tó mu omi tán. Kò sí ẹni tó ń tú u wò. Ẹ̀rọ kì í sì í fura. Ohun tí a ní kó kó ni yóò kó, bó jẹ́ oúnjẹ, bó jẹ́ májèlé.

Ká mú ti kóòdù tó ń sùn, nítorí òun ni àwáwí tí a máa ń gbọ́ jù. Ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá ọdún 1988, Robert Tappan Morris, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Cornell, tú kòkòrò kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì ayé ìgbà náà. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí kòkòrò náà ń gbà wọlé ni Sendmail, sọ́fítíwíà tó ń pín lẹ́tà láàárín àwọn kọ̀ǹpútà. Àwọn tó kọ Sendmail fi àṣẹ kan sínú rẹ̀ tó ń jẹ́ DEBUG, kí ìdánwò lè rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti pe àṣẹ yìí lè darí lẹ́tà tó ń bọ̀ kúrò lọ́nà àpótí ènìyàn, kí kọ̀ǹpútà tó gbà á sì máa mú ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣe bí àṣẹ. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀dà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn yunifásítì, ẹnikẹ́ni kò pa DEBUG. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, ó ń sùn, títí ẹnìkan fi mọ orúkọ rẹ̀ pè. Iye kọ̀ǹpútà tí wọ́n máa ń fojú bù pé kòkòrò náà mú, láti ọ̀nà gbogbo tó gbà wọlé, tó 6,000. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, àwọn onímọ̀ ààbò ní ilé iṣẹ́ modzero ti ilẹ̀ Switzerland rí irú rẹ̀ mìíràn nínú àwọn laptop HP kan. Sọ́fítíwíà Conexant tó ń darí ohùn nínú wọn ń kọ gbogbo bọ́tìnnì tí ènìyàn bá tẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù sínú fáìlì kan tó ń jẹ́ MicTray.log, ní fódà tí ẹnikẹ́ni tó bá lo ẹ̀rọ náà lè ṣí. Iṣẹ́ sọ́fítíwíà náà kò ju kó mọ ìgbà tí ènìyàn bá tẹ bọ́tìnnì ohùn lọ. HP ní kóòdù tí wọ́n fi ń wá àṣìṣe ni, pé kò yẹ kó bá ọjà jáde. Ìyẹn kò tilẹ̀ sùn rárá. Ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn ènìyàn ló ń kọ sílẹ̀.

Ìdí mìíràn tún wà tí oorun kóòdù kò fi ṣeé fọkàn tán: ohun tó yí i ká kì í sùn. Kò sí ibi tí èyí ti hàn kedere bíi ti Knight Capital, ilé iṣẹ́ tó ń ra ìpín ìdókòwò, tó sì ń tà á, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kóòdù kan tó ń jẹ́ Power Peg tí wọn kò lò mọ́ láti ọdún 2003. Power Peg yàtọ̀ sí kóòdù ìdánwò, àmọ́ ìyá kan náà ló bí wọn: ohun tí ẹnikẹ́ni kò nílò tó ṣì wà nínú ẹ̀dà ọjà. Ní ọdún 2005, wọ́n ṣí ètò tó ń ka iye ìpín tí a ti rà nípò padà, ìyẹn ètò tó ń sọ fún Power Peg pé ó tó, kó dúró. Wọn kò padà dán Power Peg wò, nítorí ta ni yóò dán ohun tí kò lò wò? Nígbà tó di ọdún 2012, wọ́n kọ kóòdù tuntun, wọ́n sì fún un ní àmì tí Power Peg ń lò tẹ́lẹ̀. Server mẹ́jọ ló yẹ kí wọ́n gbé kóòdù tuntun náà sí. Méje ló dé. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ, bí ọjà ṣe ṣí, server kẹjọ rí àmì náà, Power Peg jí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rà, ó ń tà, kò sì sí ohun tó lè sọ fún un pé ó tó. Ẹ̀rọ wọn ti fi ímeèlì 97 ránṣẹ́ ṣáájú kí ọjà tó ṣí, tí wọ́n ń dárúkọ Power Peg, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò ka wọ́n sí ìkìlọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú 45, Knight pàdánù ohun tó lé ní 460 mílíọ̀nù dọ́là. Àjọ SEC tó ń mójú tó ọjà ìpín ìdókòwò tún bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 12 dọ́là lé wọn ní ọdún 2013. Ẹni tó bá ń sọ pé kóòdù kan ń sùn níláti sọ fún wa pẹ̀lú pé ta ló ń ṣọ́ ọ.

Àwọn tó ṣe èdè àti irinṣẹ́ wa ti rí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́, àwọn kan sì ti fi ìyàtọ̀ náà sí ìpìlẹ̀. Nínú èdè Go, fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bá parí sí _test.go kì í wọ inú ohun tí àṣẹ go build bá kọ́. Nínú Rust, ohun tí a bá kọ #[cfg(test)] sí lórí kì í sí nínú ẹ̀dà ọjà. Ìgbà tí a bá ń ṣe ìdánwò nìkan ni compiler ń kà á kún. Ẹni tó ń lo Java pẹ̀lú Maven mọ̀ pé inú src/main/java ni kóòdù ọjà ń gbé, inú src/test/java ni ti ìdánwò, àti pé ti àkọ́kọ́ nìkan ló ń wọ inú jar. Nínú gbogbo wọn, ẹni tó ń kọ kóòdù kò ní ohun tó níláti rántí ní ìparí iṣẹ́. Ní òdìkejì, wo Python pẹ̀lú setuptools. Bí a bá pe find_packages() láì sọ ohun tí a kò fẹ́, fódà tests tó bá ní fáìlì __init__.py nínú yóò bá wọn lọ, yóò sì fìdí kalẹ̀ lórí ẹ̀rọ oníbàárà pẹ̀lú orúkọ yẹn gan-an, títí yóò fi forí gbárí pẹ̀lú tests ti ẹlòmíràn tó ṣe irú àṣìṣe kan náà. Nínú Docker, ìlà kékeré kan, COPY . ., ń kó gbogbo ohun tó wà ní fódà, ó wá ku ohun tí a bá rántí kọ sínú .dockerignore. Nínú npm, a lè lo .npmignore láti dárúkọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ lọ, a sì lè lo ìlà files nínú package.json láti dárúkọ ohun tó gbọ́dọ̀ lọ. Èkejì ni mo fara mọ́ ní gbogbo ìgbà. Bí fáìlì ìdánwò tuntun bá yọjú lọ́la, .npmignore kò mọ̀ ọ́n, yóò jẹ́ kó kọjá. Ìlà files náà kò mọ̀ ọ́n, nítorí náà ó ku sílé.

Àmọ́ kí kóòdù ìdánwò ní fódà tirẹ̀ kò tíì tó. XZ Utils, sọ́fítíwíà tó ń fún fáìlì pọ̀, ló kọ́ wa ní èyí. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2024, Andres Freund, òṣìṣẹ́ Microsoft, kéde pé ẹnìkan ti dọ́gbọ́n fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1. Ohun tó kọ́kọ́ ta á lólobó ni pé wíwọlé sórí kọ̀ǹpútà nípa SSH fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Inú fáìlì ìdánwò méjì ni wọ́n kó kóòdù burúkú náà pamọ́ sí: bad-3-corrupt_lzma2.xz àti good-large_compressed.lzma. Àwọn fáìlì náà kò fa ìfura, nítorí sọ́fítíwíà tó ń tú fáìlì gbọ́dọ̀ ní fáìlì tó bàjẹ́ tí yóò fi dán ara rẹ̀ wò, kò sì sí ẹni tó lè fi ojú lásán ka irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Fódà ìdánwò wà lọ́tọ̀ lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tí build ẹ̀dà ọjà bá ń lọ, script kan á nawọ́ sínú fódà náà, á tú kóòdù yìí jáde, á sì so ó mọ́ liblzma, apá XZ Utils tí àwọn sọ́fítíwíà mìíràn ń lò. Òtítọ́ ni pé ọ̀tá tó ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀ lè wá ibòmíràn fi nǹkan pamọ́ sí. Síbẹ̀, bó bá jẹ́ pé fódà ìdánwò kò sí níbi tí build ọjà ti ń ṣẹlẹ̀, ọwọ́ script náà ì bá ti bọ́ sófo. Ọ̀nà kan wà tí a lè gbà mọ̀ bóyá àwa náà wà nínú irú ewu yìí. Kọ́ ẹ̀dà ọjà pẹ̀lú fódà ìdánwò nílẹ̀. Pa fódà náà rẹ́ pátápátá, kó o tún un kọ́. Bí build kejì bá kùnà, tàbí bí ohun tó jáde bá yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, nǹkan kan ń ti inú ìdánwò lọ sí ọjà. Èyí gba kí build máa mú ohun kan náà jáde nígbà gbogbo, iṣẹ́ tí àwọn tó ń ṣe Debian, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Linux, ti ń ṣe láti ọdún 2013. Ó sì ti wá rọrùn ju bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ lọ.

Àwọn kan yóò ta kò mí pé ohun tí a dán wò ló yẹ kí a tà. Wọ́n ní bí a bá yọ kóòdù ìdánwò kúrò lẹ́yìn ìdánwò, ohun tó dé ọwọ́ oníbàárà ti di nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò dán wò rí. Mo gbà wọ́n gbọ́, ìdí sì nìyẹn tí mo fi lòdì sí yíyọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló yẹ kí a kọ́ ẹ̀dà ọjà, láìsí ìdánwò nínú rẹ̀, kí ìdánwò wá dúró síta, kó gba ẹnu ọ̀nà tí oníbàárà ń gbà wọlé. Ohun tí autopkgtest ń ṣe nínú Debian nìyí: wọ́n á gbé sọ́fítíwíà náà sórí ẹ̀rọ bí oníbàárà yóò ṣe gbé e, ìdánwò á sì kọjú sí ohun tó wà lórí ẹ̀rọ. Ìdánwò kéékèèké tó ń wo inú kóòdù lọ́hùn-ún ṣì wúlò, kí ó sì máa lọ ṣáájú. Àmọ́ òun kọ́ ni ẹ̀rí tó gbẹ̀yìn lórí ohun tí a ń tà.

Àtakò kejì jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Láti ọdún 1973 ni Tony Hoare, ọ̀kan nínú àwọn àgbà iṣẹ́ yìí, ti sọ pé ìwà òmùgọ̀ ni kí a fi àyẹ̀wò ààbò sínú sọ́fítíwíà nígbà tí a ń dán an wò, kí a wá yọ ọ́ nígbà tí àbájáde rẹ̀ bá di ohun tí ènìyàn yóò gbẹ́kẹ̀ lé. Èdè C ṣì ń gbà wá láàyè láti ṣe bẹ́ẹ̀: bí a bá ti fi NDEBUG sí build, gbogbo assert yóò pòórá. Ṣé èmi náà ń sọ pé kí a yọ wọ́n ni? Rárá o. Ohun tó ń wo iṣẹ́ sọ́fítíwíà bó ṣe ń lọ, tó sì ń dá a dúró bó bá ṣìnà, ara sọ́fítíwíà náà ni. Kó bá a dé ọjà. Ohun tó ń fún ènìyàn lágbára tí oníbàárà kò ní, tó ń fo ààbò, tó ń ṣe bí ìkọlù, tàbí tó ń kọ àṣírí sílẹ̀, ìdánwò ló ni ín. Kó jókòó sílé. Ìbéèrè tí mo fi ń yà wọ́n ni pé: bí oníbàárà bá mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ṣé yóò dúpẹ́ ni àbí yóò bínú?

Ìbéèrè yẹn náà ló dá àwọn tó ní kí irinṣẹ́ ìdánwò wà lórí ẹ̀rọ oníbàárà, kí àwọn lè tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, lóhùn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, wọ́n rí áàpù EngineerMode nínú àwọn fóònù OnePlus kan. Irinṣẹ́ ìdánwò ni. Ẹni tó bá di fóònù náà mú, tó sì mọ ọ̀rọ̀ aṣínà kan, lè fi í gba agbára pátápátá lórí fóònù náà. Ọ̀rọ̀ aṣínà náà ni "angela". Kò pẹ́ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Bí a bá nílò irinṣẹ́ àtúnṣe lóòótọ́, ká kọ ọ́ bí ohun tí a ń tà: kí oníbàárà mọ̀ pé ó wà, kí ó ní àṣẹ tirẹ̀, kí ó máa kọ ẹni tó lò ó sílẹ̀. Ohun tí ojú ń tì wá láti kọ sínú ìwé ìlò kò yẹ kó wà nínú ọjà.

Ó wá ku àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké, tí wọ́n ní ọ̀rọ̀ Cisco ni gbogbo èyí, pé àwọn kò ní owó tàbí àkókò fún un. Mo rò pé àwọn gan-an lọ́rọ̀ náà rọrùn fún jù. Ẹni tó bá ti so áàpù pọ̀ mọ́ Paystack, ilé iṣẹ́ tó ń bá oníṣòwò gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nílùú Èkó mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ń fúnni fún ìdánwò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sk_test_, ti owó gidi sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sk_live_. Nítorí pé ìyàtọ̀ náà wà lára orúkọ, ìlà kan ṣoṣo nínú build tó láti wá sk_test_ nínú ẹ̀dà ọjà, kó sì dá iṣẹ́ dúró bó bá rí i. Ohun tó léwu ni èyí tí kò ní àmì lára: ìlà kóòdù tó sọ pé kí 123456 máa ṣí gbogbo àkáǹtì kí ìdánwò lè yá. Ìlà bẹ́ẹ̀ jọ kóòdù gidi, ẹ̀rọ kò sì lè dá a mọ̀. Ká fún gbogbo ohun ìdánwò ní orúkọ tó ń fi í hàn, ká gbé e sí fódà tirẹ̀, ká sì dárúkọ ohun tó ń lọ sọ́jà. Kò sí èyí tó ń náni ní kọ́bọ̀ nínú wọn. Google Play pàápàá kì í gba áàpù tí àmì debuggable bá ṣì wà lára rẹ̀. Bí ẹni tó ń tajà bá lè yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tó ṣe é kò ní àwáwí.

Bí a bá wá ṣe gbogbo èyí, àyẹ̀wò tó kẹ́yìn yóò ṣì wà, ó sì yẹ kó wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò yí padà. Kó tú ẹ̀dà ọjà palẹ̀ bó ṣe jáde gẹ́lẹ́, kó ka orúkọ gbogbo fáìlì inú rẹ̀, kó fi wọ́n wé ohun tí a dárúkọ. Bó bá rí àlejò, kó má ṣe yọ ọ́ kí iṣẹ́ máa lọ, nítorí ìgbà tó bá ti ń yọ ni a ó ti padà sí àṣà tó kó bá Cisco. Kó dá build dúró, kó sì kùnà ní gbangba, kí ènìyàn wá wo ọ̀nà tí àlejò náà gbà wọlé, kó sì dí i. Kò sí àyẹ̀wò tí kì í kùnà lọ́jọ́ kan. Bí kíkó wọlé bá ti gún, ọjọ́ tí àyẹ̀wò bá kùnà kò ní sí ohun tó ń dúró láti gba àárín rẹ̀ kọjá.